Aràn Tó Gba Ojú Alága Kọjá

Aràn ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí lọ́rùn ọmọbìnrin yẹn, kó tó rí ojú rẹ̀: aràn funfun, pẹlẹbẹ, gígùn, ó lọ́ mọ́ ọn bí ẹ̀gbà ọrùn. Ó fò sẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọrùn lọ, ẹ̀gbà dúró!

Àṣé inú ìgò ni aràn wà, ẹ̀yìn ìgò ni ọmọbìnrin wà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé òkú lẹ rí ni?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Ẹ̀gbà yín ló fẹ́ pa mí."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́."

Iyàrá ìgò Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Aràn Orílẹ̀-èdè nìyẹn. Òkú aràn kún un láti ògiri dé ògiri. Tí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lóde, gbogbo wọn á jùmọ̀ mì, bí ẹni ń kí àlejò.

Dókítà ojú ni ọmọbìnrin náà, ọmọ ẹgbẹ́ ni, ọmọ bíbí Alága ẹgbẹ́ náà sì ni. Onímọ̀ aràn láti etí odò ni ọkùnrin náà. Ó wá sọ ní ìpàdé ọdọọdún pé aràn ojú kò tíì tán lọ́dọ̀ wọn. Yéè! Alága fúnra rẹ̀ ló kéde pé ó ti tán. Iṣẹ́ ayé rẹ̀ nìyẹn.

"Ta ló bá ọ rí i?" Alága bi í.

Òfin ẹgbẹ́ ni: ojú ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ rí aràn náà, orúkọ ẹni tó ṣàwárí àti ti ẹlẹ́rìí á sì jọ wà lára ìgò kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n aràn ojú ò mọ òfin. Á yọ, á gba ẹyinjú kọjá, á ti wọnú ẹran ara lọ kí ẹlẹ́rìí tó dé.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, orí fóònù ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti dàgbà.

"Ọkọ aràn, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Dókítà mi. Èmi àtàwọn àlejò inú mi."

Nígbà tí ọkùnrin náà wá sílé Alága láti tọrọ ọmọ rẹ̀, Alága fò dìde. "Ọmọ mi? Fún òpùrọ́? Lọ wá ẹlẹ́rìí ná!" Ó la ojú rẹ̀ kalẹ̀ rangandan.

Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú. Nínú funfun ojú Alága, nǹkan tínrín bí òwú ń wọ́ lọ, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń rìn lábẹ́ aṣọ.

"Dókítà mi," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wo ojú Bàbá."

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ bàbá rẹ̀.

"Kí lẹ ń wò? Ìbínú ló mú kó máa yún mi!"

Tí ọmọbìnrin náà bá ní òun ò rí nǹkan kan, orúkọ bàbá rẹ̀ á yè, olólùfẹ́ rẹ̀ á sì lọ. Tó bá ní òun rí i, iṣẹ́ ayé bàbá rẹ̀ á wó.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́jú." Ó fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. "Mo rí i."

Ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó kán oògùn sí i lójú kí ojú náà lè kú tipiri, ó sì fa aràn náà jáde. Nínú àwo, ó ṣì ń lọ́. Alága wò ó títí. Wọ́n ń retí àrá. Ẹ̀rín ló bú jáde!

"Ìwọ aràn yìí, gbogbo ilé tó wà láyé, ojú Alága lo rí wọ̀!"

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sára ìgò tí wọ́n fi aràn náà sí. "Òfin ti so yín pọ̀. Ta ni èmi tí màá tú yín? Ẹ lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Èmi náà á gbé ìgò yìí lọ sọ fún ẹgbẹ́ pé mo ṣì í."

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, láràárọ̀ ni ìyàwó ń di àgbọ̀n ọkọ rẹ̀ mú, tí yóò yẹ ojú rẹ̀ wò.

"Hẹ̀n-ẹ́n, ẹnì kan ń rìn níbẹ̀."

Ọkọ la ojú gbòò. "Ta ni?"

"Èmi ni. Má ṣẹ́jú."