Àníkẹ́ Lábẹ́ Omi Tútù

Ẹsẹ̀ méjèèjì Àníkẹ́ ni Lásúnkànmí kọ́kọ́ rí. Wọ́n nà sókè lórí ibú odò kan, wọ́n sì rì láìta omi kankan. Òwúrọ̀ ọyẹ́ kan ni, lọ́dún 1981, láàrin àwọn òkè tó wà ní ọ̀nà Ìdó-Ilé sí Ẹ̀fọ̀n. Omi ń já láti orí àpáta gíga, ìkùukùu funfun sì bo gbogbo ibẹ̀. Lásúnkànmí dúró. Ó kà á dé ogójì kí ọmọbìnrin náà tó yọrí, ìró tó so mọ́ àyà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn wọ omi o," ló wí, ó ń nu ojú. "Àpáta wà lábẹ́ rẹ̀. Ìhà ọ̀hún ni iyanrìn wà."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ wọ omi?"

"Ẹ ti bọ́ bàtà, ẹ ti ká ṣòkòtò, ẹ ò sì gbé garawa dání."

Lásúnkànmí bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ni ní Ìjerò, ọmọ Làmídì awakọ̀ tó ti Ìkìrun wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ọdún méjì ló fi ṣiṣẹ́ fún àwọn òmùwẹ̀ ní àríwá Skọ́tílándì, nílẹ̀ òyìnbó, níbi tó ti ń rin etíkun tútù kiri, tó ń wá ibi tí ènìyàn lè ti orí ilẹ̀ wọ òkun, kó rì lọ wo ìsàlẹ̀, kó sì jáde láìfarapa. Láti ìgbà tó ti padà dé, omi ń pè é ṣáá. Àníkẹ́ ní tirẹ̀ ń ránṣọ ní Ìdó-Ilé. Òun nìkan lọ́mọ tó kù fún Ògúndípẹ̀ àgbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Sátidé kan kì í kọjá kí wọ́n má tọ odò lọ láti ibú dé ibú. Lásúnkànmí ń wọn bí omi ṣe jìn tó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àníkẹ́ kàn ń ti ẹsẹ̀ kan bọ omi ni, yóò ní, "Ibí dáa," tàbí, "Ẹ jẹ́ ká lọ." Kò ṣì í rí.

"Tíṣà, ta ló ń kọ́ ta báyìí?"

"Ìwọ ni, olólùfẹ́. Èmi kàn ń gbé gègé dání ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àníkẹ́ bu omi dà á lójú, ó sì sá.

Ní oṣù kejì, Lásúnkànmí mú awò onírọ́bà kan wá, irú èyí tí wọ́n fi ń ríran lábẹ́ òkun, ó so ó mọ́ ọn lójú. Láti kékeré ni Àníkẹ́ ti ń wẹ odò yìí, ṣùgbọ́n bàìbàì lojú rẹ̀ máa ń rí nísàlẹ̀. Ó rì. Ó yọ, ó tún rì.

Ìtànṣán oòrùn dúró nínú omi bí òpó fàdákà. Níbi tí omi òkè ti ń já wọ ibú, ó dà bí èéfín funfun tó ń sọ̀kalẹ̀ dípò kó gòkè. Àwọn ẹja kéékèèké tò, wọ́n kọjú síbì kan náà bí àwọn tó ń kírun ní Yídì.

"Ṣé bó ṣe rí nìyí látijọ́?" Nígbà tí Àníkẹ́ yọrí, omijé ti kún inú awò náà. "Mo ń gba àárín rẹ̀ kọjá, mi ò mọ̀!"

 Ojú rẹ̀ ni Lásúnkànmí ń wò. Ọjọ́ náà ló mọ̀ pé òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tọrọ rẹ̀, Ògúndípẹ̀ kọ̀. Kì í ṣe torí pé òun ń bọ Ògún tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì jẹ́ Mùsùlùmí. Torí omi ló fi kọ̀. Odò yìí kan náà ló gbé Fásanmí àkọ́bí rẹ̀ lọ nígbà tó kún, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà bàbá náà kò dé etí odò mọ́, kò sì mọ̀ pé Àníkẹ́ ń lọ síbẹ̀, àfi ìgbà tí Lásúnkànmí sọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

"Ó ti mú ọ̀kan," ló wí. "Ìwọ wá fẹ́ fi èkejì lé e lọ́wọ́. Dìde nílé mi."

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni lẹ́tà dé láti Skọ́tílándì. Ọ̀gá Lásúnkànmí àtijọ́ fẹ́ kó padà wá sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án.

"Máa lọ," ni Àníkẹ́ wí. "Èmi nìkan ni bàbá mi ní. Mi ò ní sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Èmi náà ò ní jí ọ gbé."

Ó padà lọ bá Ògúndípẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ibi tí ọmọ yín ń lọ. Tí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ní rárá, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Bàbá náà wò ó títí, kó tó mú ọ̀pá rẹ̀.

Níbi tí omi kò ti ju orúnkún lọ, Lásúnkànmí di ọwọ́ bàbá náà kan mú, Àníkẹ́ di èkejì mú. Ògúndípẹ̀ kúnlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú awò onírọ́bà náà lójú, ó ti ojú bọ omi. Nígbà tó gbórí sókè, ó béèrè pé, "Ṣé Fásanmí rí èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ì bá rọrùn láti sọ. Lásúnkànmí dáhùn pé, "Mi ò mọ̀, Bàbá."

"O ò parọ́ fún mi." Ó tún ti ojú bọ omi. Ó pẹ́ níbẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi tutù lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó jókòó sórí òkúta, omi ń ro lára irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń rò pé inú òkùnkùn lọmọ mi kú sí," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń dé bẹ̀." Ó nu ojú. "Sọ fún Làmídì bàbá rẹ kó wá bá mi."

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kẹjọ. Ní oṣù Kẹwàá, Àníkẹ́ dúró ní Skọ́tílándì, ní etí omi kan tí kò ní òdìkejì, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè rẹ̀. Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi rin etíkun náà kí Àníkẹ́ tó nàka sí àárín àpáta méjì. Wọ́n wọ aṣọ rọ́bà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n sì rì.

Igbó ni wọ́n bá nísàlẹ̀. Ewé òkun pupa rúsúrúsú, tó ga ju ènìyàn lọ, ń mì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, àwọn méjèèjì sì ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lórí rẹ̀ bí ẹyẹ. Ẹran òkun kan tí orí rẹ̀ dà bí ti ajá yọjú sí wọn, ó wò wọ́n, ó bá tirẹ̀ lọ. Àníkẹ́ fún ọwọ́ ọkọ rẹ̀ pinpin.

Nígbà tí wọ́n jáde, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ètè rẹ̀ ti dúdú. Lásúnkànmí ń wá ìbora.

"Ọkọ mi, fi ìyẹn sílẹ̀," ló wí, ó ti yíjú padà sí òkun. "Ẹ̀yìn àpáta yẹn, a ò tíì débẹ̀."