Ta Ló Ya Obìnrin Tó Ń Kọ̀wé?

"Irọ́ ni! Ọwọ́ mi yìí ló yà á!" Otaki ń lu àyà, ó ń pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Ìyáálé, ẹ jẹ́ kí ìlara yín sinmi!"

Osayo kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó dìde, ó tún kúnlẹ̀, ó ń lọ́ etí aṣọ rẹ̀. Àwòrán obìnrin tó ń kọ̀wé, tí òun fi gbogbo ìgbà òtútù yà, ni wọ́n ń já gbà lójú òun! Kanbei ọkọ rẹ̀ ló gbà á, tó lẹ bébà náà dojú dé pátákó tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán, tó gbẹ́ ẹ bí àwọn agbẹ́gi ìlú Edo nílẹ̀ Japan ṣe ń gbẹ́ ẹ, bébà sì run sábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ̀rí run tán ni alákọrí bá ní Otaki, àlè tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé, ló yà á! Ọkùnrin yẹn ò nítìjú.

Ọ̀gá Tomizo tó ń tẹ àwòrán tà, tó tún ni ilé tí wọ́n ń gbé, ti dé. Ẹni tó ya èyí ni yóò máa ya ìyókù fún un. Òpùrọ́ yóò kẹ́rù jáde lónìí.

"Kanbei, ta ló yà á?"

"Otaki ni, ọ̀gá. Osayo ò mọ̀ ju kó se ìrẹsì lọ."

"Baálé mi, ẹ wo ojú mi kẹ́ ẹ tún un sọ!"

Kanbei ń wolẹ̀.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí. "A ò tíì tẹ ẹyọ kan. Ẹ bo pátákó yẹn. Otaki, yà á kí n rí i."

Otaki rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó ti pátákó, tó ń kọ́ ọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Irun, ọrùn, bébà gígùn, ó yà wọ́n wàrà. Osayo na ọrùn wò ó. Ó jọ ọ́!

Àfi bí ọ̀gá ṣe fò sókè.

"Ọwọ́ òsì ni obìnrin tí o yà yìí fi ń kọ̀wé! Apá ọ̀tún aṣọ ló sì borí tòsì! Òkú là ń wọṣọ fún báyìí! Orí pátákó ni gbogbo nǹkan ti máa ń wà lódì. Ìwọ ò fojú kan bébà tí wọ́n yà á sí rí!"

"Kanbei ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀!" Otaki bú sẹ́kún.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a!

"Ẹ kẹ́rù yín, ẹ̀yin méjèèjì!" ni ọ̀gá ké.

Kanbei forí kan ẹní. "Osayo, dákun, èmi ńkọ́?"

Osayo ti jókòó jẹ́ẹ́ wàyí. Ó fa bébà mímọ́ sọ́dọ̀.

"Ẹ máa tẹ̀lé Otaki. Ó ti ya aṣọ òkú sílẹ̀ fún yín."