Orí Pèrègún Inú Garawa

Ẹni tó bá fẹ́ kí ó gbàgbọ́, ẹni tó bá fẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣojú Sìmbíátù gan-an ni mo fẹ́ sọ. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ilé náà ṣì wà ní àdúgbò Nyékonakpoè. Wọ́n ṣì ń gbé inú rẹ̀.

Iṣẹ́ Sìmbíátù ni kí ó máa tọ́jú òdòdó inú ilé fún àwọn tí kò ráyè. Kò kọ́ ọ níbì kankan. Ó wo ẹni tó ń ṣe é, ó ṣe é, ó bà á jẹ́, ó tún un ṣe, ló bá di iṣẹ́. Ó mọ ewé tí òùngbẹ ń gbẹ, ó mọ èyí tí omi ti pọ̀ jù fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Edwige pè é lórí fóònù. Ará ìlú Atakpamé ni Edwige, búrò, ọ́fíìsì kan, ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Sìmbíátù, bonjour o. Pèrègún pálọ̀ ti kan òkè. Fáànù ń lù ú."

"Màá wá gé e, Màmá Mado."

"Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára férémù ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni kí o gé e dé. Mado ń sùn. Má jí i o, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi."

Madeleine ni wọ́n ń pè ní Mado, ọmọ kan ṣoṣo tí Edwige bí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Nígbà tí Sìmbíátù wọlé, pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àkókò oorun ọ̀sán ni, gbogbo àdúgbò ti pa fèrèsé dé. Fáànù ń yí lókè, ewé ń kàn án. Pá. Pá. Pá. Pèrègún náà ti yọ òdòdó funfun, òórùn dídùn rẹ̀ sì nípọn nínú yàrá bí ohun tí èèyàn lè gbé mì.

Sìmbíátù wá ìlà ṣọ́ọ̀kì, kò rí i. Ẹnìkan ti fi àkísà nù ún lọ. Ìlà pẹ́ńsù ló rí, bíi márùn-ún, ọ̀kan lórí èkejì, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò kà wọ́n. Ó mú èyí tó ṣìkejì láti òkè, nítorí ọ̀gangan ibẹ̀ ni igi náà ti dán, tí ọ̀bẹ lè gbà á lẹ́ẹ̀kan.

Ó gé e.

Láti inú yàrá, ọmọ kan ní, "Áà."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe igbe. Ó dà bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan.

"Mado?"

Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ọmọ náà ń sùn, ó kọjú sí ògiri.

Sìmbíátù kán àbẹ́là sójú ibi tó gé, kí omi má baà wọ̀ ọ́. Orí tó gé kúrò kò ṣe é jù nù. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn tó ń jù ú nù: a ó kì í bọ omi, yóò ta gbòǹgbò, yóò di igi mìíràn. Ó ga tó ọmọdé. Ó gbé e dúró sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, wọ́n kọjú sí ilé rẹ̀ ní Adakpamé.

"Tántì, ẹ sọ fún ọmọ yín kó yé fi ọwọ́ tútù fà mí létí," ọlọ́kadà náà sọ.

"Ewé ni, jàre."

"Ewé tó ń mí?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ karùn-ún, Edwige tún pè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Aṣọ ilé ìwé Mado ń wọ́ nílẹ̀."

"Bóyá ó ti fà ni, Màmá Mado."

"Káki kì í fà. Wá wò ó."

Sìmbíátù lọ. Wọ́n ní kí Mado fẹ̀yìn ti férémù. Àárín orí rẹ̀ bá ìlà kejì mu géérégé. Ìlà tòkè, tí wọ́n fà lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ tó kọjá, fi ìka mẹ́ta ga jù ú lọ. Sìmbíátù wá ka lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ ìlà kejì. *Mado, 7 ans*, ọmọ ọdún méje. Kùkùté pèrègún wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Òun àti orí Mado dọ́gba.

"Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe é," Edwige sọ. "Kò sì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí o wá."

Ẹnu tí kì í sinmi ti sinmi.

Sìmbíátù sáré délé. Ó fọwọ́ kan ìdí orí pèrègún tó ti kì bọ omi inú garawa. Ó ti ń rọ̀. Bí ó bá jẹrà ńkọ́? Ó fi ọ̀bẹ ha ibi tó rọ̀ dànù. Ó sọ èédú sínú omi. Ní ọjọ́ méjì méjì ló ń pààrọ̀ omi náà, ó ń nu ewé, ó ń gbé e sá fún oòrùn. Kò tọ́jú igi kankan bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Bàlògún, tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà ilé, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Sìmbí, o bímọ, o ò pè wá sí ìkómọ?"

"Ọmọ wo, Ìyá Bàlògún?"

"Èyí tó ń yọjú lójú fèrèsé rẹ. Mo ní kó wá jẹun. Ó ní òun ò lè rìn. Ó ní òun ń dúró de ẹsẹ̀ òun."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Sìmbíátù, ló bá yára wọlé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìlélógún, gbòǹgbò yọ. Funfun, kúkúrú. Márùn-ún lápá kan, márùn-ún lápá kejì. Sìmbíátù kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ wá ìkòkò àti iyẹ̀pẹ̀ tí yóò gbìn ín sí, kí ó lè gbé e padà fún wọn.

Nígbà tó dé, àgádágodo wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Omi wà nínú garawa. Kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ kéékèèké, tó tutù, tò láti ìdí garawa dé ẹnu ọ̀nà.

Fóònù dún.

"Sìmbíátù, ṣé ìwọ lo rán ọmọ kan sí wa?"

"Ẹ má ṣílẹ̀kùn!"

"Mado ti lọ ṣí i."

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn han.

"Kò sí ẹnìkankan," Edwige sọ. "Ilẹ̀ kàn tutù ni." Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn Mado bẹ̀rẹ̀, ó ń rojọ́, ó ń rojọ́, kò dákẹ́.

Nígbà tí Sìmbíátù dé Nyékonakpoè, Edwige ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mado ti fi ìka kan kọjá ìlà tòkè. Lára kùkùté, lábẹ́ àbẹ́là, ẹ̀ka méjì ti rú jáde. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò ju ara wọn lọ.

"Ọ̀kan ti tó o, Sìmbíátù," Edwige sọ. "Yọ ọ̀kan kí èkejì lè lágbára. Àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Sìmbíátù yọ ọ̀bẹ.

Mado sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kàn án létí. Ọwọ́ náà tutù.

"Tántì," ó rọra sọ ọ́, "ẹ ṣé fún omi."

Sìmbíátù mú ọ̀bẹ sún mọ́ ẹ̀ka apá ọ̀tún. Láti inú yàrá tí kò sí ẹnìkankan, ọmọ kan ní, "Áà."

Ó mú un sún mọ́ ti apá òsì. Mado, tó dúró tì í, ní, "Áà."

Ó dá ọ̀bẹ padà sínú báàgì.

Kò tíì gé ìkankan títí di òní. Èwo nínú méjèèjì, ẹni inú yàrá àbí ẹni tó dúró tì í, ni ọmọ tí Edwige bí, kò mọ̀, kò sì lè bi Edwige léèrè. Ẹ̀ka méjèèjì ń ga. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Edwige tún pè é. Ó ní fáànù ti ń kan ewé.