Ọ̀rọ̀ Olúwabùnmi Tí Wọ́n Gé

Ẹni tó bá fẹ́ lè ní irọ́ ni mò ń pa. Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án, nínú ṣọ́ọ̀bù tí èmi àti Dúródọlá ọ̀rẹ́ mi ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tina Junction.

Olúwabùnmi, ìyàwó Dúródọlá, fẹ́ràn ọgbà òdòdó. Ó máa ń kọ̀wé nípa ọgbà wọn ní Dogon Dutse sórí ìkànnì tí ọkọ rẹ̀ ṣe fún un. Dúródọlá fi RSS sí i. Ọ̀nà àtijọ́ ni: bí èèyàn bá ti kọ nǹkan tuntun, ó ń bá àwọn tó ń tẹ̀lé e délé fúnra rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Àwọn tó gbé e jáde kò fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kó rí. Àwọn kan yapa, wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní Atom. Nígbà tí Fesibúùkù àti Wasáàpù gbòde, ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé méjèèjì. Dúródọlá kò gbàgbé.

Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló jẹ́ kó máa kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù, kó wá sórí ìkànnì.

"Bàbá Fẹ́rànmí," Olúwabùnmi á ní fún ọkọ rẹ̀, "ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ máa lọ. Ẹ̀ ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu."

"Tó bá lọ tán, ta ló máa wá síbí?"

Olúwabùnmi kú lójijì. Ìkànnì náà kú tẹ̀lé e, torí kò sẹ́ni tó sanwó tún àdírẹ́sì rẹ̀ gbà.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà ọyẹ́, wọ́n mú iná lọ. Fáànù dúró. Eruku bo gíláàsì. Bátìrì ni kọ̀ǹpútà Dúródọlá ń lò, kò sí dátà lórí rẹ̀.

Ó dún. Tín.

"Taofeeq," Dúródọlá pè mí. "Wá wò."

Orúkọ ìkànnì ìyàwó rẹ̀ ló yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ òní ló wà lára rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀: "Bàbá Fẹ́rànmí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé..."

Ó tẹ ibi tí èèyàn ti ń ka ìyókù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Kai!" mo wí. "Ẹnì kan ló ń fi ọ́ ṣeré."

"Ta ni? Èmi nìkan ni mo mọ pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀."

Láti ìgbà náà ló ti ń wọlé. "Bàbá Fẹ́rànmí, ilẹ̀kùn tí ẹ tì yẹn..." "Bàbá Fẹ́rànmí, ẹni tó dúró tì yín..."

Èmi nìkan ni mo dúró tì í. Mi ò tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́.

Dúródọlá rù. "Èmi ni mo gé e," ló ń wí. "Ó bẹ̀ mí, mi ò gbọ́."

Ó lọ tún àdírẹ́sì náà gbà. Ó gbé ìkànnì náà dìde, ó ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè máa kọjá. Mo ní kó fi sílẹ̀.

Ni gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́. Dúródọlá sunkún. Díẹ̀ tó ń rí tẹ́lẹ̀ náà, ó ní òun ti fọwọ́ ara òun lé e lọ.

Nígbà tó yá, lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, ó dún. Wọn ò gé èyí níbì kankan. Ṣùgbọ́n funfun ni, kò sí lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Dúródọlá fi ìka yí i lọ sísàlẹ̀. Ó yí i títí. Kò dé ìsàlẹ̀.

"Ó ń sọ̀rọ̀," ó wí. "Èmi ni mi ò lè kà á."

Mo ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lánàá, ó ṣì jókòó, ó ń yí i lọ.