Irin Tí Wọ́n Fi Ẹnu Kàn

Ẹni tó bá rò pé mò ń purọ́, kí ó wá wo àpá iná tó wà ní apá òsì mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe ọ̀bẹ náà. Tíṣà kẹ́mísírì ni mí, n kì í gba ìsọkúsọ gbọ́. Kíkọ ni mo kọ èyí, n kò sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má tíì bèèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìwà mi, kí ẹ má baà rò pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Mo máa ń di ènìyàn sínú. Ọdún méjìlélógún ni mo fi di Bàbá Èṣùbíyì, àbúrò bàbá mi, sínú, n kò sì kábàámọ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, Bàbá Èṣùbíyì ní ẹ̀gbọ́n òun ti fi ilé tí à ń gbé ní Ìlódè fún òun lórí ibùsùn àìsàn. Màámi ní irọ́ ni, òun ni ọkọ òun fún. Kò sí ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbà ẹbí bá gbé àdá kan tí wọ́n wé aṣọ pupa mọ́ èèkù rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì búra. Bàbá Èṣùbíyì gbé ahọ́n lé irin náà, ó ní bí òun bá purọ́, kí Ògún mú òun. Màámi náà gbé ahọ́n lé e. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ojú mi ló ṣe. Wọ́n dúró fún ọjọ́ méje. Nǹkan kan kò ṣe ẹnikẹ́ni. Ni wọ́n bá gbé ilé fún ọkùnrin, wọ́n ní kí àwa máa lọ. Yàrá kan ni màámi gbà ní Ẹdúnàbọ̀n, ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ̀bẹ ṣíṣe lórí fóònù. Ríìmù ọkọ̀ ni mo fi ṣe ààrò, mo da èédú sí i, ẹ̀rọ tí mo fi ń mú irun gbẹ ni mo fi ń fẹ́ ẹ. Ọ̀bẹ mi àkọ́kọ́ tẹ̀ nínú iṣu. Èkejì fi díẹ̀ sàn ju ṣíbí lọ. Àwọn alájọgbélé mi ní ọkọ ni kí n wá, kí n fi irin sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gba Ìlódè kọjá. Bàbá Èṣùbíyì ń wó ilé ìdáná àtijọ́, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo rí àdá ìbúra náà lórí òkìtì pàǹtí. Aṣọ pupa tí wọ́n wé mọ́ èèkù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n mú àdá yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mú u lọ jàre. Màmá ẹ á rí nǹkan fi gé ilá."

Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Wàyí o, èèkù ti wà lọ́wọ́ mi. Mo pinnu láti fi àdá náà ṣe ọ̀bẹ, kí n fi ta bàbá náà lọ́rẹ, kí ó máa fi irin tó fi purọ́ gé oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Abógúnrìn, alágbẹ̀dẹ kan ní Ilàré, kí ó bá mi gé e kúrú. Ó wo aṣọ pupa náà. Ó gbé òòlù sílẹ̀.

"Tíṣà, wọ́n ti fi èyí búra."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Irin ìbúra máa ń sùn. Bí o bá tún ti í bọ iná, o jí i nìyẹn. Gbé ọwọ́ lé e, kí o sọ òótọ́. Ẹni mélòó ló fi ẹnu kàn án?"

Mo gbé ọwọ́ lé e. "Ẹnì kan."

N kò ka màámi. Ẹni tó sọ òótọ́, kí la fẹ́ kà á mọ́ òpùrọ́ fún? Bàbá wo ojú mi títí. Ó gé irin náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní aago méjì ọ̀sán, mo ti i bọ iná. Oòrùn mú. Adìẹ ń ké lẹ́yìn ògiri, jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan ń dún lọ́ọ̀ọ́kán. Irin náà pọ́n bí ata rodo. Mo fi ẹ̀mú gbé e, mo rì í sínú agolo ọ́ìlì.

Kò dún.

Irin gbígbóná a máa pariwo nínú ọ́ìlì. Èyí kò pariwo. Kò rú èéfín. Adìẹ dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Nínú agolo náà ni mo ti gbọ́ ọ, bí ìgbà tí ènìyàn gbé itọ́ mì. Ó ṣe díẹ̀, mo tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú mi ju ẹ̀rù lọ. Mo pọ́n ọ̀bẹ náà, mo fi igi ayùnré ṣe èèkù rẹ̀, mo gbé e lọ sí Ìlódè lọ́jọ́ kejì. Bàbá Èṣùbíyì dúpẹ́. Ó fi bó ọsàn lójú mi, ó mu ún, ó tu ú dànù.

"Láti àná," ó ní, "irin ni gbogbo nǹkan lẹ́nu mi."

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí kò fi lè jẹun mọ́. Dókítà kò rí àrùn. Ahọ́n rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Inú mi dùn, mo sì sùn dáadáa. Ní ọjọ́ kẹwàá ó ránṣẹ́ pè mí. Ohùn rẹ̀ ti lọ, ìwé ló fi kọ ọ́: Mo purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò fún mi. Ẹ gba ilé yín. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó fi ọ̀bẹ lé e.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n lójú ẹsẹ̀. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti rù. Àwo ìrẹsì wà níwájú rẹ̀, eṣinṣin ti bò ó. Ó ń tutọ́ sínú agolo kan.

"Màámi, kọ́kọ́rọ́ ilé wa nìyí! Bàbá Èṣùbíyì ti jẹ́wọ́!"

Kò wo kọ́kọ́rọ́. "Ó jẹ́wọ́ pé kí ni?"

"Pé bàbá mi kò fún òun nílé. Màámi, kí ló ń ṣe yín?"

"N kò fẹ́ kó ìdààmú bá ọ lórí fóònù ni." Ó tutọ́. "Irin ni gbogbo oúnjẹ lẹ́nu mi. Láti Sátidé ọjọ́sí, bí aago méjì."

Mo jókòó sílẹ̀.

"Màámi, kí ni bàbá mi sọ fún yín gan-an?"

"Ìmísí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni bàbá ẹ kò fi lè sọ̀rọ̀ kó tó kú. Kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni mo wò, tí mo fi gbé ẹnu lé e."

Ọ̀rọ̀ tí màámi sọ kẹ́yìn nìyẹn, kí ohùn tirẹ̀ náà tó lọ.

Mo gbé ọ̀bẹ náà padà sí Ilàré. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níwájú Bàbá Abógúnrìn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi mú un sùn. Kò fọwọ́ kàn án.

"Gbé ọwọ́ lé e," ó ní. "Ẹni mélòó?"

Mo gbé ọwọ́ lé e, bí mo ṣe gbé e lé e lọ́jọ́sí. Mo fẹ́ sọ pé méjì, ohùn kò jáde. Mo gbé itọ́ mì.

Bàbá gbọ́ ọ. Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Tíṣà," ó ní, "ìyẹn di mélòó?"