Sípíríǹgì Méjì

"Èmi ni mo ro ó, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é," ni Tíṣà Fèrè wí, ó sì ń gbá àyà bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Gbogbo ilé-ìwé tò yí pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ká, pápá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́, tí wọ́n sì kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Àlejò mẹ́ta láti ọ́fíìsì eré ìdárayá jókòó sórí àga. Níwájú wọn ni Tíṣà Fèrè, olùkọ́ eré ìdárayá, ti ń ti ẹ̀rọ kan lọ, tó ń tì í bọ̀. Róólà ńlá kan ni, tí wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì wé. Pákó kan ń fún fóòmù náà bó ṣe ń yí, omi tó bá fún jáde á sì dà sínú ike gbọọrọ tó wà lẹ́yìn. Ibi tó bá ti gbà kọjá, ilẹ̀ á gbẹ. Àwọn àlejò ń pàtẹ́wọ́.

Láàárín èrò, inú ọmọbìnrin kan ń ru. Fóòmù ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé, nítorí pé bàbá rẹ̀ ń wọ àga láṣọ, ègé fóòmù kì í sì í wọ́n lára aṣọ rẹ̀ àti nínú irun rẹ̀. Òun ló ni ẹ̀rọ yẹn. Òun ló gé fóòmù, òun ló wé e mọ́ páìpù, òun ló ronú títí orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ. Ẹni tó bá a di okùn mú nígbà tó ń rán an ni Àgùnfọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ga ju gbogbo wọn lọ, balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin. Tíṣà Fèrè ńkọ́? Ohun kan ṣoṣo tí Tíṣà Fèrè ti ṣe sí ẹ̀rọ yẹn rí ni pé ó fẹsẹ̀ gbá a kúrò lọ́nà, ó ní kí wọ́n kó pàǹtí wọn kúrò níwájú òun.

"Nawọ́ sókè, jàre," Àgùnfọn fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Àbí wàá kàn máa wò ó ni?"

Fóòmù nawọ́ sókè. Tíṣà Fèrè rí i. "Ìwọ, sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀," ó wí. "Ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìn. O ò nílò àti máa tọrọ àyè lọ́wọ́ àlejò."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Fóòmù sọ ọwọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wá dìde. Ó ní àwọn ń wá ohun tuntun tó lè wúlò lórí pápá ìṣeré, àti pé àwọn á padà wá lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ àṣekágbá, láti wo bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà ìdíje gidi. Bó bá yege, wọ́n á ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo ilé-ìwé, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ ẹni tó ṣe é! Fóòmù fojú inú rí orúkọ Tíṣà Fèrè gàdàgbà lára fóòmù bàbá òun, itọ́ ẹnu rẹ̀ sì korò.

Nígbà tí wọ́n jáde ìwé, ó tọ Tíṣà lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Tíṣà ń fa atẹ́gùn sínú bọ́ọ̀lù kan, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ yẹn."

"Páìpù tí o lò, ta ló ni ín?"

"Ilé-ìwé ni, sà. Wọ́n ti jù ú nù sẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni mo ti ṣà á."

"Ilé-ìwé. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ta ló ni ọ́? Ilé-ìwé náà ni. Ta wá ni ọ̀gá eré ìdárayá nílé-ìwé yìí?" Ó fi fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀ tọ́ka sí ara rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Bí mo bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ gbọọrọ yẹn ò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ṣebí o mọ̀ pé àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà ń bọ̀ wá wò ó?"

Ẹ gbọ́ ná, irú kí lèyí? Olè jí ni lẹ́rù tán, ó tún ní kí ẹlẹ́rù wá bá òun gbé e!

Fóòmù sunkún dé ilé. Bàbá rẹ̀ ń rán tìmùtìmù lọ́wọ́ nígbà tó rojọ́ tán fún un. Inú bí bàbá náà. Ó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó dìde, ó tún jókòó.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Mo gbọ́dọ̀ kó àga lọ fún oníbàárà lọ́la, ọ̀nà náà sì jìn, ọjọ́ Àìkú ni mo máa tó dé. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń lọ bá ọ̀gá àgbà yín. Gbogbo fóòmù tí o kọ́kọ́ gé tí kò bára mu ṣì wà nígun ilé yìí. A ó kó wọn dání."

"Sátidé ni wọ́n ń bọ̀, Bàbá! Ní Mọ́ńdè, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́!"

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Má fi ìbínú ṣe ohunkóhun. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ."

Fóòmù pòṣé nínú ọkàn rẹ̀. Òwe! Ṣé òwe ni wọ́n á kọ sára ẹ̀rọ náà ni? Gbogbo èèyàn ṣáà ní kó mú sùúrù, kò sẹ́ni tó ní kí olè dá ẹrù padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Bó ṣe dá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń to àga, Tíṣà Fèrè ń pàṣẹ kiri. Fóòmù yọ́ wọ yàrá bọ́ọ̀lù.

Sípíríǹgì méjì ló ń ti pákó mọ́ fóòmù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ara àga àtijọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ti yọ wọ́n. Bí kò bá sí wọn, pákó ò ní lè fún omi jáde. Fóòmù ara róólà á kàn mu omi yó ni. "Jẹ́ kí omi kún pápá," ó ń sọ lábẹ́lẹ̀. "Kó máa tì í títí, kí wọ́n máa fi í ṣẹ̀sín. Ṣebí òun ló ṣe é? Kó tún un ṣe ká rí i!" Ó fa ìkíní yọ, ó fa ìkejì, ó kó wọn sápò, ó sì lọ jókòó láàárín àwọn òǹwòran. Inú rẹ̀ dùn.

Tíṣà Fèrè gbé ẹ̀rọ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Háà! Omi tó dúró lórí pápá ń lọ. Bí fóòmù ò tilẹ̀ lè mu ún mọ́, ó ń gbá a síwájú títí ó fi dà sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ pápá. Kò pẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ fi ń dán. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹnu ya Fóòmù. Ṣé kò nílò sípíríǹgì ni?

Ìgbà náà ló rántí, ara rẹ̀ sì tutù wọ̀ọ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ yìí, kò tíì fi sípíríǹgì sí i. Bó ṣe tì í lọ́jọ́ náà nìyí, tí omi lọ, tí pápá ń dán. Ó rò pé ó ti gbẹ, ó sáré gba orí rẹ̀, ó sì fìdí lélẹ̀ gbàà. Àgùnfọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Omi tín-ínrín kan ló kù lórí ọ̀dà, èyí tí ojú ò lè rí. Nítorí ìṣubú ọjọ́ yẹn gan-an ni Fóòmù ṣe wá sípíríǹgì kiri. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́, torí pé inú ń bí i, kò rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Fèrè dún. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bọ́ sójú pápá. Fóòmù dìde, ó lanu láti pariwo.

Ṣùgbọ́n ìbínú sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ pé, "Dúró ná. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹnì kan yọ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Jẹ́ kí ojú ti olè yẹn ná, kí o tó sọ̀rọ̀."

Ó jókòó padà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Yíyọ tó yọ sípíríǹgì, ìwà òmùgọ̀ ni. Jíjókòó tó jókòó padà yẹn, ìwà ìkà ni.

Àgùnfọn gba bọ́ọ̀lù láàárín àwọn mẹ́ta, ó sá kọjá wọn, ó fò sókè. Bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Ariwo ta. Bí Àgùnfọn ṣe ń balẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yọ̀ lọ síwájú, ti ọ̀tún sì ká sábẹ́ rẹ̀. Ó ké. Àwọn òǹwòran dìde dúró.

Tíṣà Fèrè sáré dé. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ? Kò béèrè pé báwo lẹsẹ̀ ṣe rí. "Ilẹ̀ gbẹ! Gbogbo yín lẹ rí i pé ilẹ̀ gbẹ! Ẹ wo bàtà àlòkù tí ọmọ yìí wọ̀. Òun ló fà á fúnra rẹ̀!"

Àgùnfọn di orúnkún mú nílẹ̀, ó ń sunkún, wọ́n sì tún ń dá a lẹ́bi lórí ìrora rẹ̀. Inú Fóòmù ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì mọ ẹni tí òun ń bínú sí jù mọ́, Tíṣà ni àbí ara òun. Ó sáré bọ́ sáàárín pápá.

"Irọ́ ni! Kì í ṣe bàtà!" Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó sípíríǹgì méjèèjì jáde.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, ti dé ibẹ̀. "Kí nìyẹn?"

"Sípíríǹgì ẹ̀rọ ni, mà. Èmi ni mo yọ ọ́ láàárọ̀ yìí. Ilẹ̀ ò gbẹ, mà. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nulẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù rinrin. Ó gba sípíríǹgì lọ́wọ́ Fóòmù, ó nà án sí Tíṣà Fèrè. "Ẹ̀yin lẹ ṣe ẹ̀rọ yìí, àbí? Ẹ fi wọ́n síbi tó yẹ."

Tíṣà gbà wọ́n. Ó yí ẹ̀rọ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ti ọ̀kan bọ ẹnu páìpù, ó jábọ́. Ó tún un tì, ó tún jábọ́. Òógùn bò ó. Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Fóòmù kúnlẹ̀, ó mú wọn, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ tí méjèèjì fi jókòó sí àyè wọn.

"Ìwọ lo ṣe é, nígbà náà," ni ọ̀gá àgbà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ náà lo bà á jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ohun tí ó ti ń wù ú kí gbogbo ayé gbọ́ ni wọ́n gbọ́ yẹn, kò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá.

Wọ́n dá ìdíje dúró. Wọ́n gba iṣẹ́ eré ìdárayá lọ́wọ́ Tíṣà Fèrè, wọ́n sì ní kó tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ilé-ìwé. Wọ́n lé Fóòmù lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn àlejò ní ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n àwọn ò lè kọ orúkọ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun èlò jẹ́ sára ohun tí àwọn ọmọdé á máa lò. Ní Mọ́ńdè, Fóòmù àti bàbá rẹ̀ lọ bá ọ̀gá àgbà gẹ́gẹ́ bí bàbá ti sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ ló yẹ kí wọ́n lọ béèrè lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n lọ bẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò pa òwe kankan lójú ọ̀nà.

Láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, wọ́n gba ilé Àgùnfọn lọ. Báńdéèjì wà lórúnkún rẹ̀, ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ti ní kò ní gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí. Àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù ti mú ẹlòmíràn.

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí," ni Fóòmù wí. "Mi ò mọ̀ pé ìwọ ló máa..."

"Ta lo wá fẹ́ kó jẹ́?" Àgùnfọn dá a lẹ́nu. Ojú rẹ̀ le koko. "Ẹlòmíràn kì í ṣe ọmọ èèyàn ni? O mọ̀, o sì jókòó. Tíṣà jí iṣẹ́ rẹ. Ìwọ jí ẹsẹ̀ mi. Máa lọ."

Fóòmù lọ. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ilé-ìwé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. "Ẹ bá mi jó sípíríǹgì yìí mọ́ irin, sà."

"Jó o mọ́ ọn pátápátá?" Wẹ́dà wo bàbá. "Tí wọ́n bá jó o, kò ní ṣeé yọ mọ́ o."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn," ni Fóòmù wí. "Kí ẹnikẹ́ni má lè yọ ọ́. Títí kan èmi náà, bí inú bá ń bí mi."

Wọ́n rẹ́ Fóòmù jẹ ní tòótọ́, ó sì tọ́ kí inú bí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ òkò sí àárín ọjà, ará ilé rẹ̀ ló máa bà. Tí wọ́n bá rẹ́ ọ jẹ, pariwo rẹ̀ sétí ẹni tó lè gbà ọ́, má sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n má fi ẹlòmíràn san gbèsè tí kò jẹ ọ́.

Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ kan. Fóòmù ti ẹ̀rọ náà yí gbogbo pápá ká. Kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ sórí pápá, ó bọ́ bàtà, ó sì kọ́kọ́ sáré gba ibẹ̀ fúnra rẹ̀, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bó ṣe yíjú padà, ó rí Àgùnfọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá lórí ọ̀pá méjì. Kò rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì kí i. Ó na ọ̀pá kan sí abẹ́ àwọ̀n.

"Ibẹ̀ yẹn ṣì tutù," ó wí. "Tún un yí."

Fóòmù tún un yí.