N Kò Lè Ka Kọjá Orí Keje

Àga mi ni ó lọ jókòó sí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí kíláàsì lítíréṣọ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní etíkun Gúúsù Carolina. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pépà, mo sì ti yan àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn nítorí orúnkún mi.

Mo ní, "Sístà, èmi ni mo ni ibẹ̀ yẹn."

Ó wo abẹ́ àga, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "N kò rí orúkọ yín níbẹ̀, Bùrọ̀dá."

Àwọn ọmọ kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ni wọ́n lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wa. Mo fa àga mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí bí ó ṣe dá mi lóhùn ti wù mí.

Verdell Simmons ni orúkọ rẹ̀. Opó ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi dáná fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní òun ti bọ́ ikùn ọmọ ènìyàn tó, ó kù kí òun bọ́ orí ara òun.

Ìwé tí olùkọ́ fún wa jẹ́ ìtàn àtijọ́ kan nípa ayé ẹrú ní ilẹ̀ wa. Dicey ni obìnrin inú rẹ̀. Ní orí keje, wọ́n ta ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, fún ọkùnrin kan láti Alabama. Àwọn ọ̀dọ́ kíláàsì bínú gan-an. Ọ̀kan ní ká ní òun ni, òun ì bá ti pa olówó ẹrú náà. Èmi pa ìwé mi dé níbẹ̀, n kò sì ṣí i mọ́.

Lẹ́yìn kíláàsì, a máa ń jókòó níta ilé ìkàwé, a ó máa jẹ ẹ̀pà sísè tó gbé wá láti ilé, a ó sì máa jiyàn. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, èmi ni mò ń gbé báàgì rẹ̀, mo sì ti ń bá a lọ jẹ ẹja díndín ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ọjọ́ Ẹtì. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣì kù nínú mi. Mo ní kí a fẹ́ra wa.

"Mo fẹ́ràn yín, Rufus, n kò ní purọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ti ń tàn mí nípa ìwé yẹn. Lánàá ẹ ní Dicey ṣì wà lóko olówó rẹ̀. Ó ti kúrò níbẹ̀ láti orí kẹsàn-án. Kí ló dé tí ẹ kò kà á?"

Mo sọ fún un. Mo ní ọmọbìnrin kan ní Detroit, Renita. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí a ti ń ṣe ọkọ̀ lọ́hùn-ún, tí mo wá sílé ní Gúúsù Carolina láti wáṣẹ́ fún oṣù méjì. Nígbà tí mo ríṣẹ́, mo ní kí n kọ́kọ́ rí ilé kí n tó padà lọ. Nígbà tí mo rí ilé, ojú ti ń tì mí. Ìtìjú a máa dàgbà bí ọmọ, ní ọdún kẹwàá ó ti ga jù mí lọ. Nígbà tí Renita parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó fi káàdì ránṣẹ́ sí mi, n kò sì dáhùn. Ọdún mọ́kànlá rèé tí káàdì náà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.

Verdell fi pépà wé èèpo ẹ̀pà tó wà lórí itan rẹ̀.

"Àdírẹ́sì wà lára káàdì yẹn?"

"Ó wà."

"Mọ́tò yín ń ṣiṣẹ́?"

"Ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́."

"Nígbà tí àwọn ènìyàn wa gba òmìnira, Rufus, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, tí wọ́n ń wá ọmọ tí wọn kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é mọ́. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wọn ni. Ta ló gba tiyín?"

Ó ní òun kò ní fẹ́ mi bí n kò bá lọ rí Renita.

Ó ní kì í ṣe pé òun ń fìyà jẹ mí, ẹ̀rù ló ń ba òun. "Lọ́jọ́ tí èmi náà bá di ohun tó ń tì yín lójú, ṣé inú dúrọ́ọ̀ lẹ máa fi mí sí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ezell, tó jẹ́ díákónì, dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní ìdílé àwọn kò ní fa ọmọ wọn lé ọwọ́ ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń lọ láì wẹ̀yìn. Inú bí mi. Mo fẹ́ bi í pé kí ló kàn án. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ, òótọ́ a sì máa korò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi àti Verdell kò fi bára wa sọ̀rọ̀. Verdell kó ìwé rẹ̀ lọ sí iwájú kíláàsì. Ó dá àga mi padà fún mi, àga náà kò sì wù mí mọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó sí ilé ìdáná mi, mo ṣí orí keje. Ọmọ náà kò sunkún nígbà tí wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó rò pé ìyá òun ń tẹ̀lé àwọn bọ̀ ni. Mo dìde, mo rìn yí ilé ká. Renita náà rò pé mò ń bọ̀ ní oṣù méjì. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un.

Mo padà jókòó, mo kà á dé òpin. Lẹ́yìn òmìnira, Dicey fẹsẹ̀ rìn dé Alabama, wọ́n ní wọ́n ti kó ọmọ náà lọ sí Texas. Ó béèrè ọ̀nà Texas. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí. Inú bí mi sí ẹni tó kọ ọ́, nítorí mo fẹ́ kí ó rí ọmọ rẹ̀.

Mo lọ sílé Verdell, mo sọ fún un pé mo ti kà á tán, pé mò ń lọ sí Detroit ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ìdúpẹ́, ní oṣù kọkànlá, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti gba ìsinmi. N kò bẹ̀ ẹ́ kó fẹ́ mi. Ó ní kí ló ń jẹ́ "mò ń lọ", ṣebí ojú mi kì í ríran dáadáa mọ́ tí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, a ó jọ lọ ni. Ezell ní kí ó má lọ. Ó sọ fún Ezell pé òun ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

A jọ wa ọkọ̀ náà, bí ó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á gbà á. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni a dé ilé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lára káàdì, yìnyín ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Verdell ní òun ó dúró nínú ọkọ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ṣí i fi ojú jọ ìyá mi pátápátá. N kò mọ̀ pé ojú ìyá mi ti wà ní Detroit láti ọjọ́ yìí. Ó dá mi mọ̀. Kò kígbe, kò sì ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin rèé," ni ó wí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ lójú ọ̀nà ti fò lọ. Mo ní, "Kò sí ẹni tó dí mi lọ́nà, Renita. Èmi ni mi ò wá. Mo wá sọ ọ́ lójú rẹ."

Ó wo ọkọ̀. "Ta ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Verdell ni. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ní òun kò ní fẹ́ mi bí n kò bá wá síbí."

"Wọ́n wá ní àwọn máa fẹ́ yín tí ẹ bá wá?"

"Kò sọ ìyẹn."

Ó kọjá lára mi tòun ti sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó lọ kan gíláàsì ọkọ̀. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo kàn rí i pé ó di ìgúnpá Verdell mú kí ó má bàa yọ̀ ṣubú, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Mo dúró. Láti ojú fèrèsé mo rí Renita tó gba kóòtù Verdell, tó gbé tíì fún un. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò mi, ọkọ̀ sì móoru. N kò kúrò níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ọmọ yẹn fi dúró.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Renita ni. "Mo sọ fún wọn pé ẹ á ti lọ. Wọ́n ní kí n ṣílẹ̀kùn wò."

"Mo wà níbí."

"Mo rí i." Ó sún díẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ohùn Verdell wá láti inú ilé. "Rufus, ẹ gbọn yìnyín yẹn kúrò lára kí ẹ tó wọlé. N kò fẹ́ kí ọkọ mi ba ilẹ̀ ilé ọlọ́mọ jẹ́."

Mo gbọn ọ́n, mo sì wọlé.